Font Manager: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń dán fọ́ǹtì wò

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ìdí Font Manager, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tí a sì fi ń tò ó. Mo ń to ìwé ìtàn kékeré kan fún àwọn ọmọdé, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti yọjú. Fọ́ǹtì tí mo yàn rẹwà gan-an. Orúkọ rẹ̀ ni mo rí nínú àkójọ LibreOffice, ètò tí mo fi ń kọ̀wé, bí wọ́n ṣe ya orúkọ náà wù mí, mo bá mú un. Nígbà tí mo tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àmì orí ẹ kìíní ti sún lọ sórí ẹ kejì, ti ẹ kejì sì ti lọ fi ara ti d. Mo mú fọ́ǹtì mìíràn. Ìyẹn kò tilẹ̀ ní ẹ rárá, kọ̀ǹpútà bá lọ yá ẹ wá láti inú fọ́ǹtì tó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá ní ojú méjì. Báyìí ni mo ṣe ń yàn, tí mò ń tẹ̀, tí mò ń pa á rẹ́, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àkójọ orúkọ kò wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń kọ Yorùbá. Orúkọ fọ́ǹtì nìkan ló ń fi hàn wá, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ, ọ tàbí ṣ wà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó yẹ kí n rí ọ̀rọ̀ tèmi gan-an nínú fọ́ǹtì náà kí n tó yàn án, iṣẹ́ tí Font Manager sì ń bá mi ṣe nìyẹn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn.

Orí Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ènìyàn ló sì lè wo kóòdù rẹ̀. Mo rí i nínú àwọn ètò tí Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, ti kó jọ fún àwọn tó ń lò ó, nítorí náà kò gba wàhálà kankan láti fi í sórí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ọ̀wọ́ fọ́ǹtì ní apá òsì, orúkọ ìdílé fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní àárín, àti àyè ńlá tí ẹ ti lè wo fọ́ǹtì tí ẹ bá tẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ìdílé kan, ẹ ó rí gbogbo ọmọ inú rẹ̀: èyí tó dúró ṣánṣán, èyí tó tẹ̀ (italic), èyí tó ki (bold). Ó yẹ ká máa wo ibẹ̀ dáadáa. Bí ìdílé kan kò bá ní èyí tó ki, ètò ìkọ̀wé á kàn fi ipá sanra fún lẹ́tà lásán, kì í sì í dùn ún wò.

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń fi dán fọ́ǹtì wò ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i. Gbogbo lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú gbólóhùn yẹn, kò sì sí ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá nínú rẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo kọ tèmi síbẹ̀: «Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹṣin ń sáré, Ọ̀ṣọ́ ń wò ó, ǹjẹ́ wọ́n ń bọ̀?» Mo mọ̀ọ́mọ̀ to gbólóhùn yìí ni. Àmì ohùn lórí ẹ àti ọ wà nínú rẹ̀, lẹ́tà ńlá tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣ, ń àti ǹ. Láti ìgbà náà, fọ́ǹtì yòówù tí mo bá tẹ̀, gbólóhùn yẹn ló ń fi ojú rẹ̀ hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àmì fi ń ṣáko lọ, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè máa bínú sí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ọ ní U+1ECD, ṣ sì ní U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Nǹkan méjì la ń kọ tẹ̀lé ara wọn: ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn tó dá dúró, U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Nínú fọ́ǹtì OpenType, irú fáìlì fọ́ǹtì kan, apá kan tí wọ́n ń pè ní GPOS ni ìmọ̀ yẹn máa ń wà. Bí ẹni tó ya fọ́ǹtì kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, àmì kò ní mọ ìjókòó rẹ̀. Ń àti ǹ ní nọ́ńbà tiwọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú. M̀ kò ní.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wíwo fọ́ǹtì lójú kòrókòró nìyí. Linux ní àṣẹ kan, fc-list :lang=yo, tó ń ka gbogbo fọ́ǹtì orí ẹ̀rọ tó ní lẹ́tà Yorùbá. Àṣẹ náà wúlò, òun ni mo kọ́kọ́ fi gbọn èyí tí kò wúlò dànù. Ṣùgbọ́n bóyá lẹ́tà wà ni àṣẹ náà ń wò, kì í wo bóyá àmì jókòó dáadáa. Fọ́ǹtì tó da ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mi rú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn wà nínú àwọn tí àṣẹ náà kà. Mo kó gbogbo wọn sí ọ̀wọ́ kan nínú Font Manager, mo sì jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ìdajì ló já mi kulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn tan mí jẹ díẹ̀: èyí tó dúró ṣánṣán dára, àmọ́ nínú èyí tó tẹ̀, àmì ti yẹ̀ sí ọ̀tún. Ká ní orúkọ nìkan ni mo fi yan wọ́n, ó di ojú ìwé kẹwàá kí n tó mọ̀.

Ibi tí mo ti ń pẹ́ jù nínú Font Manager ni Compare, ojú ìfiwéra rẹ̀. Ẹ lè to fọ́ǹtì mẹ́rin tàbí márùn-ún sábẹ́ ara wọn níbẹ̀, kí gbogbo wọn máa sọ gbólóhùn kan náà, kí ẹ sì yí àwọ̀ lẹ́tà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ìgbà tí mo to Charis SIL, Gentium àti Noto Serif bẹ́ẹ̀ ni mo tó rí ìyàtọ̀ tí n kò rí rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé àmì sí ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ara Gentium fẹ́lẹ́, ó sì dà bí ohun tí a fi gègé kọ, nígbà tí Charis gbọ̀pọ̀n, tí kò sì ní fara pa bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá burú. SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ló ṣe Charis àti Gentium, wọ́n sì ní àwọn èdè tó ń lo ọ̀pọ̀ àmì lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó hàn gbangba. Lórí Ẹ̀ ńlá, àmì òkè kò fara kan lẹ́tà, àmì abẹ́ sì dúró gbọnyin láàárín.

Ẹ má fi Waterfall, ojú mìíràn nínú Font Manager, sílẹ̀. Ó ń kọ gbólóhùn yín láti kékeré dé ńlá, ìlà lé ìlà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé fọ́ǹtì kan tí mo ti fẹ́ràn máa ń pa àmì abẹ́ ẹ mọ́ ara lẹ́tà bí ó bá ti kéré. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà kò ní mọ̀ bóyá e ni tàbí ẹ. Mo yọ ọ́ kúrò, ó dùn mí.

Ìṣòro kan tún wà tí n kò bá mọ̀ láìsí irinṣẹ́ yìí. Fọ́ǹtì kan ń ṣe dáadáa lónìí, lọ́la àmì á tún ṣí kúrò. Mo wo ìwífún rẹ̀, mo rí i pé fáìlì méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí ẹ̀rọ mi, ọ̀kan nínú fódà gbogbogbòò, ìkejì nínú fódà tèmi, èyí àtijọ́ ni kò sì mọ bí a ṣe ń gbé àmì. Mo yọ ti àtijọ́ kúrò, àlàáfíà dé.

Ẹ kò nílò láti pa fọ́ǹtì tí ẹ kò fẹ́ rẹ́. Ẹ lè pa á dé, fáìlì á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ètò tó ń gba fọ́ǹtì lọ́wọ́ fontconfig, irinṣẹ́ Linux tó ń wá fọ́ǹtì fún wọn, kò ní rí i mọ́. Lẹ́yìn tí mo pa LibreOffice tí mo sì tún un ṣí, àkójọ gígùn tó ń sú mi ti di kúkúrú. Ẹ kàn ṣọ́ra kí ẹ má pa èyí tí ojú kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ń lò dé.

Mo ti lo xfontsel rí, irinṣẹ́ àtijọ́ tó ń bá X (ètò tó ń gbé wíńdò sójú kọ̀ǹpútà) wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yan fọ́ǹtì láyé ọjọ́un lè ṣí i wò: orúkọ fọ́ǹtì pín sí apá 14, ẹ ó sì máa yan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ kì í rí àwọn fọ́ǹtì tí fontconfig ń bójú tó, ìyẹn gbogbo èyí tí à ń lò báyìí. Ẹni tó wà lórí Windows lè kọ gbólóhùn tirẹ̀ sí ojú ìwé fọ́ǹtì nínú Settings, Font Book náà sì wà fún àwọn tó ń lo Mac. Gbólóhùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹn á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà.

Ohun tó kù tí Font Manager kò ṣe fún mi ni ìlà méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Nínú Yorùbá, àmì abẹ́ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ lè kọ lu ara wọn, gbólóhùn kan kò sì lè fi ìyẹn hàn. Nítorí náà mo ṣì máa ń padà sí LibreOffice, mo máa ń tẹ ìpínrọ̀ kan, mo sì máa ń fẹ àlàfo àárín ìlà títí wọn yóò fi yàgò fún ara wọn.

Charis ni mo fi to ìtàn náà. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú Font Manager fún ẹni tó bá fẹ́ kà á: Open Font License ni, ó sì gbà wá láyè láti fi tẹ ìwé tí a fẹ́ tà. Gentium ni mo fi kọ àkọlé. Lójú ìwé kìíní, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dúró níbẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan wà lórí lẹ́tà tó ni ín.