Corolla Lásán, Ológe àti Asáré: Ohun Tí Ọkọ̀ Ń Jẹ Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Rà Á Tán

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń jẹun. Bí ènìyàn bá dúró níwájú ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn jọra, tí ọ̀kan jẹ́ ti gbogboògbò, tí èkejì sì ní rímù ńlá àti ohùn tó ń bú ramúramù, iye tí wọ́n kọ sára wọn ni ojú kọ́kọ́ máa ń lọ. Ibòmíràn ni mo fẹ́ kí a wò. Toyota Corolla tí ẹ̀yìn rẹ̀ gé kúrú, bí wọ́n ṣe tà á ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, ni mo mú yẹ̀ wò, nítorí pé oríṣi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu: SE, tí í ṣe ẹ̀yà lásán, XSE, tí mo máa ń pè ní ológe, àti GR Corolla, tí í ṣe asáré gan-an.

Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú SE àti XSE: lítà 2.0, agbára ẹṣin 169, kò sí tọ́bò. Ẹwà ni XSE fi ju SE lọ, pàápàá rímù íǹṣì 18 dípò íǹṣì 16. Ti GR Corolla yàtọ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kéré, lítà 1.6 péré, sílíńdà mẹ́ta, ṣùgbọ́n tọ́bò ń fún afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ débi pé agbára ẹṣin 300 ló ń ti ibẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà ló sì ń pín agbára yìí lò. Ẹni tó bá fojú kan náà wo ológe àti asáré nítorí pé rímù wọn dọ́gba ti ṣi ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí epo. Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún ìrìn ìlú àti ti ọ̀nà jíjìn pọ̀, SE ń mu nǹkan bíi lítà 6.7 fún kìlómítà 100, XSE ń mu 7.1, GR Corolla sì ń mu 9.8. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 20,000 lọ́dún yóò ra nǹkan bíi lítà 1,340 fún SE, 1,420 fún XSE àti 1,960 fún GR. Ọgọ́rin lítà tó wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jà, àmọ́ ó yẹ kí ó yani lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Rímù ńlá wúwo, táyà tó fẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú, ẹ̀wù oge náà ń mu epo lọ́wọ́ ara rẹ̀. Lítà 620 tó wà láàárín SE àti asáré ni kí ẹ lọ fi iye epo níbi tí ẹ wà sọ di púpọ̀, kí ẹ tó tẹ́wọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

Iye lítà yẹn nìkan kọ́ o, irú epo pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá ti fún pọ̀ máa ń gbóná, bí epo tó bá a pàdé bá sì jẹ́ epo lásán, ó lè gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ohun tí ẹ ó sì gbọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbọ́n-ún gbọ́n-ún. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi dandan lé e pé epo olówó iyebíye, tí octane rẹ̀ (ìwọ̀n bí epo ṣe lè kọ̀ láti gbiná ṣáájú àsìkò) kò dín ní 91 nínú ìwọ̀n Amẹ́ríkà, ni kí GR Corolla máa mu, nígbà tí epo 87 tó àwọn méjì yòókù. Níbi tí wọ́n ti ń lo RON, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà wọn octane, 91 yẹn súnmọ́ 95. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù láti gbà á sílẹ̀ bí epo kò bá dára tó, ṣùgbọ́n agbára tí ẹ sanwó fún nìyẹn tó ń kù. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ra epo ọ̀wọ́n yìí sínú ọkọ̀ lásán pẹ̀lú ìrètí pé yóò sáré sí i. Kò ní sáré sí i. Wọ́n kàn ń bu owó sí táǹkì ni.

Ibi tí mo ti rò pé ọ̀pọ̀ olùrà kì í wò rárá ni táyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ SE, ẹ ó ka 205/55 R16 lára rẹ̀. Lára GR, 235/40 R18. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, èkejì sì ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà SE ga tó mìlímítà 113, ti GR jẹ́ 94. Rọ́bà tó lè gba ìpalára kí ó tó kan irin rímù ni ìyàtọ̀ yẹn. Mo ti wa ọkọ̀ kan tó jẹ́ irú asáré báyìí rí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí táyà rẹ̀ tilẹ̀ tún pẹlẹbẹ ju èyí lọ. Ihò kan tí kò fẹ̀ ju àwo lọ ni ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún já sí. Táyà náà kò bẹ́, n kò sì ronú kàn án mọ́. Ní ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí oyin ta. Ẹni tó ń ṣe táyà fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní okùn inú rẹ̀ ti já, pé irú èyí kì í ṣeé lẹ̀. Nígbà tó sì bọ́ ọ, etí rímù náà ti tẹ̀. Táyà kan àti rímù kan ni ihò yẹn gbà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ìrìn lásán ni mo ń rìn, n kò sáré.

Fún GR, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìsọ̀rí kejì. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń gba agbára fẹ́ kí gbogbo táyà rẹ̀ ga dọ́gba, nítorí pé bí ọ̀kan bá tuntun tí mẹ́ta yòókù sì ti jẹ tán, ìyíká wọn kò ní bára mu, ẹ̀rọ tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn yóò sì máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láìnídìí. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nígbà tí ìyókù ti lò jìnnà, ó lè di dandan kí ẹ ra méjì tàbí mẹ́rin. Rọ́bà táyà asáré tún máa ń rọ̀ ju ti ọkọ̀ lásán lọ kí ó lè di ọ̀nà mú, ohun tó sì rọ̀ kì í pẹ́ jẹ tán. Ológe pẹ̀lú ń san díẹ̀ nínú gbèsè yìí, torí pé 225/40 R18 ni tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ ga tó ti asáré. Èyí ni mo fi ń bá ológe jà: ó ń gba owó táyà asáré, kò sì fúnni ní eré rẹ̀.

Òróró ẹ́ńjìnnì kò gba àlàyé púpọ̀. Nínú ìlànà Toyota, SE lè rìn tó kìlómítà 16,000 tàbí ọdún kan kí a tó pààrọ̀ òróró rẹ̀; GR kò gbọdọ̀ kọjá 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ti asáré, kí ọ̀kan ṣoṣo ti SE tó pé. Bíréèkì rẹ̀ pẹ̀lú tóbi, písítọ̀nì mẹ́rin ló ń tẹ pádì iwájú mọ́ dísìkì, owó dísìkì ńlá kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ti kékeré nígbà tí àsìkò àtipààrọ̀ bá tó. Òróró jíà ẹ̀yìn tún wà, èyí tí SE kò ní rárá.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, ẹ béèrè iye rẹ̀ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra èyíkéyìí, nítorí agbára ẹ́ńjìnnì àti owó àtúnṣe wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Asáré ní ohun kan tó lè fi dá díẹ̀ nínú owó náà padà: kò pọ̀ lọ́jà, àwọn tó ń wá a kì í sì í wọ́n, nítorí náà owó rẹ̀ lè má tètè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, kí ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀, tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà; 2322 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022. Táyà tí ọjọ́ orí wọn kò bára mu lórí ọkọ̀ irú èyí máa ń sọ bí ẹni tó ni ín ṣe tọ́jú rẹ̀ ju ẹnu ẹni náà lọ. Ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó bóyá wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà láti fipá gba agbára kún agbára.

Ẹni tó mọ̀ pé eré ni òun fẹ́, tí ó sì ti ya owó táyà àti epo ọ̀wọ́n sọ́tọ̀, n kò ní sọ fún un pé kí ó má ra GR. Ojú rere ni ọkọ̀ náà fi ń san owó tí wọ́n ná lé e lórí padà. Bí oge nìkan bá ni, SE ni kí ó rà, kí ó fi rímù íǹṣì 16 rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ tó wù ú.