Super Napier tàbí Brachiaria: koríko wo ni kí ẹ fowó rà fún àgùntàn yín?

Àwọn tó ń ta ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbin Super Napier máa ń fi fọ́tò kan han èèyàn: ọkùnrin kan dúró láàárín koríko, koríko ga jù ú lọ. Fọ́tò náà kì í ṣe irọ́. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n yà á.

Èmi náà ra ọ̀pá yẹn. Oko mi wà lápá Òkè-Ògùn, lórí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ tí omi kì í dúró sí. Nígbà tí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni mo gbìn ín, oríkèé méjì nínú ilẹ̀, ọ̀kan níta. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti kọjá orí mi. Mo gé e, ó tún rú. Mo tún gé e, ó tún rú. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àgbò kún àgbò.

Ọyẹ́ wá dé. Nígbà tí oṣù Kìn-ín-ní fi máa parí, ewé ti gbẹ láti ẹnu dé ìdí, igi rẹ̀ sì ti le bí ọparun. Àwọn àgùntàn á já ìwọ̀nba ewé tó kù, wọ́n á fi igi sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí n máa fi ẹ̀rọ fa omi láti odò, àmọ́ wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023: ẹ̀rọ ń mu bẹntiróòlù, èmi ń wo àpò mi. Èèpo pákí tí àwọn onígàrí ń bẹ̀ mí kí n wá kó tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń tà á lápò-lápò. Àgbò mẹ́ta tí mo ń tọ́jú de Iléyá, oṣù Kejì ni mo tà wọ́n, egungun ìhà wọn ṣeé kà. Iye tí mo tà wọ́n, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Láti ìgbà yẹn, kí n tó sanwó koríko kankan, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé kí ló máa kù lórí ilẹ̀ ní oṣù Kejì.

Mulato II, irú Brachiaria kan, ni mo gbìn lẹ́yìn náà. Kò ga ju ìbàdí lọ, kò sẹ́ni tó máa yà á ní fọ́tò. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi ọkọ́ wú ìdí kan wò. Ewé òkè ti pọ́n, ti àárín ṣì tutù, gbòǹgbò sì wọlẹ̀ kọjá ibi tí ọkọ́ lè dé. Kì í dàgbà púpọ̀ lásìkò yẹn o, àmọ́ àgùntàn ń rí nǹkan já. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó rú.

Irúgbìn rẹ̀ wọ́n, èyí dùn mí. Áfíríkà ni baba ńlá koríko yìí ti wá. Àwọn ará Bùràsíìlì gbà á, Embrapa, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba wọn, gbé irú kan tó ń jẹ́ Marandu jáde ní 1984, CIAT, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Kòlóńbíà, ṣe Mulato, àwa wá ń rà á padà ní kílò-kílò. Ẹ má bò ó jinlẹ̀, wóró rẹ̀ kéré.

Ní ti Super Napier, ọ̀pá nìkan ni kí ẹ rà. Eèsún àti jéró ni wọ́n pa pọ̀ bí i, bí ìbaaka ni, kì í bímọ. Ẹni tó bá ní òun ń ta wóró rẹ̀, ẹ yára kúrò níbẹ̀.

Ajílẹ̀: Super Napier jẹun jù.

Àìsàn: Brachiaria lè mú kí oòrùn máa jó àgùntàn lára, ju màlúù lọ. Etí àti ojú á wú, ẹran á máa sá sábẹ́ igi. Ẹ má fi òun nìkan bọ́ wọn. Èmi ń fi ewé àgúnmánìyè lú u.

Bí ẹ bá ní àkùrọ̀, ẹ̀rọ agékoríko àti màlúù oníwàrà, ẹ ra Super Napier, ó dáa. Mulato II ò fẹ́ omi tó dúró. Èmi náà ṣì ní ìlà mẹ́rin Super Napier lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìyókù, katakata ti tú u.