Ère kankéré olójú púpọ̀ tí mo rà l'Óṣogbo, ẹ má tan iná síwájú ẹ̀ o

Ó pẹ́ tí mo ti ń wá nǹkan tí màá gbé sára ògiri pálọ̀ wa, gbogbo fúrémù tí mo ń rí lọ́jà ò ju òdòdó àti òkun lọ, ó ti sú mi. Ìgbà tí mo wá dé Igbó Ọ̀ṣun tí mo rí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí Àdùnní Olóòrìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn èèyàn ẹ̀ bíi Adébísí Àkànjí ṣe síbẹ̀, orí mi wú. Bíríkìlà ni Àkànjí tẹ́lẹ̀ o! Igbó tí UNESCO wá kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ọwọ́ bíríkìlà wà ńbẹ̀.

Bí mo ṣe wá ọ̀gá oníṣẹ́ kan nìyẹn (mi ò ní dárúkọ, ẹ máa rí ìdí ẹ̀), mo ní kó bá mi fi sìmẹ́ńtì ṣe èrò ọjà tó yọ jáde lára pátákó kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 3 ní gíga. Ó ní ṣé ojú èèyàn ni mo fẹ́ àbí èrò, mo ní méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín.

Ká sòótọ́, ọkùnrin yẹn mọṣẹ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, ojú wọn yọ síta tó ìka méjì, ìyá oníṣòwò kan wà ńbẹ̀ tó wé gèlè, ẹnu ẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n ná ọjà ẹ̀ ní ìnákúnàá. Bó ṣe ń lọ sókè ni ojú ń kéré sí i, títí tó fi di pé àtàǹpàkò lásán ló fi tẹ sìmẹ́ńtì tútù, síbẹ̀ téèyàn bá jìnnà díẹ̀, orí èèyàn náà ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ló kọjú síbi tí àwọn yòókù kẹ̀yìn sí. Mo ka ojú dé 31 kó tó dà rú mọ́ mi lójú, ìyàwó mi ní 36 ni.

Ẹjọ́ mi rèé. Ó yẹ kí wọ́n fi àpò tútù bò ó fún bí ọjọ́ 7 kó má baà gbẹ kíákíá, àmọ́ èmi náà ń pè é lójoojúmọ́, mo rò pé ó kánjú, ère náà wá sán tín-ín-rín láti etí òsì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá kan. Mo bínú pè é, ó ní kí n máa pè é ní ilà ojú! Kò tún sọ fún mi pé ó máa lé ní kílò 100, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, bíríkìlà wa wo ògiri pálọ̀, ó mi orí, ó ní rárá.

Bàráńdà ló wà báyìí, ibẹ̀ ló sì yẹ ẹ́. Nínú pálọ̀, gílóòbù tó kọjú sí i mú kí gbogbo ojú pẹlẹbẹ bí àwo. Níta, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji imú á bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èrò á wá jí, ẹ máa fẹ́ kí wọn.

Màá tún rà á ṣá, àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ni, èyí tí èmi nìkan lè gbé.