Rédíò tó ń ka Bíbélì Yorùbá: ẹ gbọ́ ibi tí Ittai wà

Ẹ̀yin èèyàn mi, rédíò kékeré tó ń ka Bíbélì Yorùbá yìí dáa gan-an, owó tí mo fi rà á ò dùn mí rárá. Ẹ ṣáà yí i sí Sámúẹ́lì Kejì orí 15, ibi tí Dáfídì ti ń sá fún Ábúsálómù ọmọ ẹ̀, tó wá ní kí Ittai ará Gátì padà, pé àjèjì ni, pé àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó ń kà á rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àfi ìgbà tí Ittai búra pé ikú ni o, ìyè ni o, ibi tọ́ba bá wà lòun máa wà, lohùn bá le! Ará Gátì o, ìlú Gòláyátì! Tòun tàwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó kó dání ló bá ọba lọ. Abájọ tí Dáfídì fi fà ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ogun lé e lọ́wọ́ ní orí 18, tí àwọn ọ̀gágun ẹ̀, Jóábù àti Ábíṣáì, sì gba ìdá kọ̀ọ̀kan tó kù. Bátìrì ẹ̀ ló máa ń tètè kú, kẹ́ ẹ yáa ra ṣájà mọ́ ọn.