Progynova oníhóró fún obìnrin transgender tó ti lé ní àádọ́ta ọdún

Ní ti ìrọ̀rùn, kò sí èyí tó bá Progynova dọ́gba. Hóró kékeré ni, 1 mg tàbí 2 mg; estradiol ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn oríṣi estrogen kan, èròjà tó ń mú ara rí bíi ti obìnrin. Omi díẹ̀, ó ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ obìnrin transgender nílùú Ọba kò fi fẹ́ fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. A fún ìrọ̀rùn rẹ̀ ní máàkì 5 nínú 5. Àmọ́ fún ẹni tó ti lé ní 50, 2 péré ló gbà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí a bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń bá pàdé. Bí estradiol bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á túbọ̀ máa ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ lè já, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àgbà ti fi ara sún mọ́ ewu yìí tẹ́lẹ̀, ká má tíì sọ ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó sanra jù. Ìwádìí ESTHER tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé, tó jáde ní 2007, rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídì láàárín àwọn tó ń gbé estrogen mì tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tí kò lò ó; àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tàbí tó ń fi í para kò ní àfikún ewu. Obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe transgender, àmọ́ ẹ̀dọ̀ kì í béèrè ìyẹn.

Estradot, ìyẹn estradiol tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, ni ká fi rọ́pò rẹ̀, bí dókítà bá gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, bí ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọyàn láé. Kí awọ ara gbẹ, kó má ní ìpara. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má sì padà sójú kan náà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè yún ni, òógùn sì máa ń ṣí i.

Oestrogel, ìyẹn estradiol tí wọ́n ń fi para, náà dára: 0.75 mg ló ń jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ ẹ̀. Ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì fi pa apá tí wọ́n máa ti fa ẹ̀jẹ̀: èsì àyẹ̀wò á ga lásán, dókítà á dín oògùn kù láìnídìí.

Ti owó ńkọ́? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti pé 60 kì í sanwó oògùn tí dókítà NHS (ètò ìlera ìjọba) kọ, yálà hóró ni o tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì wà lórí hóró, kó má fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá ṣeré, kó sì tètè sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé òun ń lò ó. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó gbóná, tàbí èémí ṣàdédé ń já, 999 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.