Messenger: Áàpù tí wọ́n yọ kúrò lára Facebook, tí wọ́n sì tún ń dá padà sí i

Púpọ̀ nínú wa kò fọwọ́ ara wa yan Messenger tó wà lórí fóònù wa. Láàárín ọdún 2014 ni Facebook yọ ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra ẹni kúrò nínú áàpù rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ ibẹ̀ láti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ lọ gba áàpù mìíràn sórí fóònù rẹ̀ ná. Nígbà tí Mark Zuckerberg, olórí Facebook, ń ṣàlàyé ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó gbà pé ohun ńlá ni àwọn ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní áàpù tó bá dá dúró ló lè ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ, nítorí pé ó ń fa ìdádúró bí ènìyàn bá gbọ́dọ̀ dúró de Facebook kó ṣí tán kó tó lè fèsì.

Òótọ́ wà nínú àlàyé yẹn. Àwòrán ojú ẹni tó kọ̀wé sí wa, tó rí róbótó, tó máa ń léfòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú fóònù Android wúlò gan-an: bí a bá ń ka nǹkan mìíràn lọ́wọ́ tí ẹnìkan sì kọ̀wé sí wa, a ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, a ó fèsì, a ó sì máa bá ohun tí à ń kà lọ. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò láàyè púpọ̀, tó sì ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, ni ìnira ìyapa yẹn já lé léjìká, nítorí áàpù méjì ló ń gbé kiri. Irú wọn ni wọ́n ṣe Messenger Lite fún ní ọdún 2016. Ó fúyẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Wọ́n pa á tì ní ọdún 2023, ó sì dùn mí.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì ló ká mi lára jù. Ní ọdún 2015, wọ́n gbà kí ẹni tí kò ní Facebook fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nìkan wọlé sórí Messenger. Àwọn ará Amẹ́ríkà, Kánádà, Peru àti Venezuela ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún. Ìgbà yẹn ni Messenger dá dúró ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2019 ń parí lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà, wọ́n ní ẹni tuntun gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Facebook. Ní 2020, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Instagram. Ní oṣù Kejìlá 2023, wọ́n tún já a. Ọdún 2023 kan náà ni wọ́n ń dán an wò láti dá ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ padà sínú áàpù Facebook.

Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wá ka Messenger sí iṣẹ́ kan tó dá dúró lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ńlá ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Meta tó ni ín gba ilé-ẹjọ́ lọ láti takò ó, pé ara Facebook ni. Ilé-iṣẹ́ tó ní kí gbogbo ayé lọ gba áàpù ọ̀tọ̀ ní 2014 ló yí ohùn padà báyìí. Èmi kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé àwa tí à ń lò ó ni a ru ìnira ìyapa náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì lè ní kí ẹni tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí Facebook máa lo Messenger, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ dára, àti pé láti oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààbò bo ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì, kí ẹlòmíràn má bàa lè kà á, láìjẹ́ pé a béèrè fún un. Ẹni tí kò fẹ́ Facebook ni n kò rí ọ̀nà fi hàn. Láti 2024, àwọn tó wà ní Yúróòpù lè ya Messenger wọn sọ́tọ̀ kúrò lára Facebook, nítorí òfin fipá mú Meta. Kí wọ́n ṣí ọ̀nà kan náà yìí fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú.