Ọkọ̀ fáànù (van) kékeré tàbí ọkọ̀ alápòótí: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ dá yí Írẹ́lándì ká rà?

Ó ti tó èèyàn márùn-ún lára àwọn ọmọ wa ní Dublin tó pè mí lọ́dún yìí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Àǹtí, èmi náà fẹ́ ra campervan tí màá máa fi dá rìn. Irú èwo ni kí n rà?" Campervan ni ọkọ̀ téèyàn lè sùn sínú rẹ̀, kó sì dáná níbẹ̀. Wọ́n ti rí àwòrán mi láti Connemara àti Donegal, òkun níwájú, ìkòkò tíì lórí iná, kò sí ẹlòmíì nítòsí. Ó wu àwọn náà. Ó sì yẹ kó wù wọ́n, torí ìgbádùn kan wà nínú kéèyàn dá jí létí òkun Atlantic tí n kò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíì. Ṣùgbọ́n mo ti jìn sí kòtò kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì tún jìn sí i.

Irú méjì ni wọ́n sábà máa ń bá pàdé lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni fáànù kékeré, irú Volkswagen Transporter tí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé gbé sókè bí àgọ́. Gígùn ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.9. Ìkejì ni èyí tí èmi ń pè ní alápòótí: iwájú rẹ̀ lè jẹ́ Fiat Ducato tàbí Ford Transit, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀yìn tirẹ̀ láti iléeṣẹ́, wọ́n wá kan àpótí ńlá mọ́ ọn, tó ní ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi ìwẹ̀, àti bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè orí awakọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn ju mítà 6 lọ. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ní alápòótí. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń wa fáànù kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, iye bátìrì, iye èèyàn tó lè jókòó, ẹni tó ń tà á yóò sọ gbogbo ìyẹn kí ẹ tó béèrè. N kò ní dá yín dúró níbẹ̀.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Ìgbà òtútù ni mo ra alápòótí mi, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á níwájú ilé rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún, owó rẹ̀ sì jẹ́ €17,000. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán. Òórùn dídùn yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fu mí lára. Nígbà tó di oṣù March, mo wà á lọ sí erékùṣù Achill ní Mayo. Lálẹ́ ọjọ́ kejì òjò bẹ̀rẹ̀, ìjì sì ń tì í bọ̀ láti orí òkun. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru mo jí, ìrọ̀rí mi ti rin gbingbin. Mo tan iná, mo rí i pé igun fèrèsé tó wà lókè orí awakọ̀ ni omi ń gbà wọlé, tó ń ṣàn lẹ́yìn bébà ara ògiri. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Ó wọnú bí ìgbà téèyàn tẹ búrẹ́dì tí wọ́n ti rì bọ tíì.

Nígbà tí mo padà sí Dublin, ẹni tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe tú ògiri náà. Igi inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í ṣe òjò Achill ló ṣe é. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí igi yẹn ti ń mu omi, wọ́n wá lẹ bébà tuntun bò ó kí n tó dé. €4,800 ló ní òun máa gbà, kò tíì ka ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ tí òun náà ti ń rọ̀ mọ́ ọn. Mo ta ọkọ̀ náà ní €9,000, mo sì fi gbogbo ibi tó bàjẹ́ han ẹni tó rà á. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi, n kò lè ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àpótí ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe odindi, àsopọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ lè jẹ́ páànù àlùmíníọ̀mù níta, fóòmù láàárín, pílàíwúùdù tín-ín-rín nínú, igi ni wọ́n sì fi ṣe férémù tó gbé e dúró. Níbi tí ògiri ti pàdé òrùlé, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù dí i, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ bò ó, wọ́n á wá fi ìdè dè é. Gbogbo fèrèsé, gbogbo iná ẹ̀yìn, gbogbo ihò ìdè jẹ́ ọ̀nà fún omi. Bí ọkọ̀ bá ti ń gba títì gbágungbàgun fún ọdún pípẹ́, àpótí náà á máa mì, gọ́ọ̀mù á gbẹ, á sán. Omi á wá máa yọ́ wọlé, igi á máa mu ún. Kí àmì tó yọ lára ògiri, abẹ́ ti jẹrà. Àwọn tuntun kan wà tí wọn kò fi igi sí i mọ́, ṣùgbọ́n owó ìyẹn kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa mú lọ sọ́jà.

Ẹ wá gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì. Gẹ́gẹ́ bí Met Éireann, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ níbẹ̀, ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, òjò máa ń rọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 225 nínú ọdún láwọn apá kan ìwọ̀ oòrùn, nígbà tí etí òkun ìlà oòrùn ń rí nǹkan bí 150. Ibi tó sì wu ojú jù ni òjò ti pọ̀ jù: Kerry, Connemara, Mayo, Donegal. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ wálẹ̀ gbọnrangandan bí òjò ilé wa. Ìjì á gbé e gba ẹ̀gbẹ́, á máa fi í wá ihò kiri.

Ara fáànù kékeré ní tirẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n ti jó pọ̀ láti iléeṣẹ́. Kò sí igun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù so mọ́ra. Òótọ́ ni pé ó ní àrùn tirẹ̀, ìyẹn ìpẹtà. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn àti etí ibi tí táyà wà, bí ẹni tó gé fèrèsé sí i lára kò bá sì kun etí irin náà dáadáa, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti máa bẹ̀rẹ̀. Aṣọ òrùlé tó ń gbéra sókè náà, bí ẹ bá pa á dé tòun ti omi tí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á bu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ máa rí ìpẹtà. Igi tó jẹrà lẹ́yìn bébà tuntun kò fojú han ẹnikẹ́ni.

Omi tún ń ti inú wá. Gáàsì ìdáná kílò kan, bó bá jó tán, máa ń tú omi tó ju kílò kan àtààbọ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi èémí ẹni tó sùn kún un, ẹ fi kóòtù tó rin kún un. Níbi yìí alápòótí sàn jù, mi ò ní purọ́: ó láyè, ó sábà máa ń ní ihò atẹ́gùn lókè ààrò, ibi ìwẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé so aṣọ tútù kọ́. Nínú fáànù, bí mo bá din dòdò lálẹ́, òórùn rẹ̀ ni màá bá jí. Mo wá kọ́ láti máa se oúnjẹ kí òjò tó dé, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣì ṣeé ṣí sílẹ̀, ọbẹ̀ tí mo ti sè láti ilé ni mo sì ń gbé lọ. Ohun tó gbà mí ni hítà tó ń lo dísẹ̀lì. Ìta ló ti ń mú afẹ́fẹ́ tó fi ń jó, ìta náà ló ń tú èéfín sí, nítorí náà ooru gbígbẹ ló ń fẹ́ sínú ọkọ̀. Bí fáànù tí ẹ fẹ́ rà kò bá ní in, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Irú ọkọ̀ yòówù kẹ́ ẹ rà, ẹ má tan ààrò gáàsì sílẹ̀ láé kí inú rẹ̀ lè gbóná kẹ́ ẹ tó sùn. Carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná máa ń tú jáde, kò lóòórùn, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Ẹ ra aago tó máa ń ké bó bá ti wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ kàn án mọ́ ìtòsí ibi tí ẹ ń sùn.

Ojú ọ̀nà

Ọ̀nà Wild Atlantic Way, láti Inishowen ní Donegal títí dé Kinsale ní Cork, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 2,500, àwọn ibi tó dùn jù lórí rẹ̀ ló sì há jù. Ògiri òkúta lápá kan, igbó ẹlẹ́gùn-ún lápá kejì, bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò ń bọ̀ níwájú. Lórí Healy Pass, ọ̀nà orí òkè tó wà láàárín Cork àti Kerry, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi alápòótí rìn padà sẹ́yìn kí ọkọ̀ mìíràn lè kọjá, dígí ẹ̀gbẹ́ kan sì fọ́ níbẹ̀. Fáànù mi ti gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ha. Ẹ má wá rò pé fáànù ń lọ síbi gbogbo o. Conor Pass lẹ́bàá Dingle, wọn kò gba ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ, Transporter tí wọ́n ti to ilé ìdáná sínú rẹ̀ sì kọjá ìyẹn. Ọ̀nà N86 láti Tralee ni kí ẹ gbà.

Ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí létí òkun ni wọ́n gbé irin dábùú ẹnu rẹ̀, níwọ̀n mítà 2 sókè tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Fáànù mi, bí mo bá pa òrùlé rẹ̀ dé, ga ní mítà 1.99. Ẹ ka iye tí wọ́n kọ sára irin náà kí ẹ tó wọlé. Alápòótí máa dúró síta ni, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́.

Dídá sùn

Obìnrin ni mí, èmi nìkan ni mo sì ń sùn. Ohun tí mo ń wò ni pé kí n lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, kí n sì wakọ̀ lọ láìṣí ilẹ̀kùn kankan. Ọkọ̀ méjèèjì gba bẹ́ẹ̀ láyè. Àmọ́ bí òrùlé fáànù bá wà lókè, ẹ ní láti kọ́kọ́ fà á wálẹ̀, torí náà ìsàlẹ̀ ni mo ń sùn níbikíbi tí ọkàn mi kò bá balẹ̀ sí. Alápòótí ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé èèyàn ń bẹ nínú rẹ̀. Fáànù tí wọ́n fa kọ́tìnnì rẹ̀ dà bí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ilé ṣe, ojú kì í dúró lára rẹ̀.

Ẹ má sùn síbi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé wọn kò gbà á. Ìjọba ìbílẹ̀ púpọ̀ kò fẹ́ kéèyàn sun ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn mọ́jú, ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan, bíi Cobh, ti ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ẹ lè sanwó kí ẹ sùn. Bí ìgbà òtútù bá dé, púpọ̀ nínú àwọn ibùdó àgọ́ máa ń tì títí di ìgbà Àjíǹde.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: alápòótí ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Epo: fáànù ń jẹ díẹ̀.

Ìwé àti owó

Fáànù wọ́n ju alápòótí tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ. Ẹ óò rí i lọ́jà, á dùn yín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á ẹ óò rí owó yín gbà. Owó orí ọkọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní motor caravan jẹ́ €102 lọ́dún, kékeré ni o, ńlá ni o. Àwọn kan máa ń ta fáànù tí wọ́n kàn gbé bẹ́ẹ̀dì sí láìyí ìwé rẹ̀ padà. Ẹ béèrè ìwé náà kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Lára ohun tí Revenue, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, ń béèrè ni pé kí inú ọkọ̀ ga tó mítà 1.8 níbi tí wọ́n ti ń dáná. Ẹ pe àwọn ilé ìbánigbófò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sì ń gbé Írẹ́lándì tó ṣì ń lo ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà, ẹ mọ̀ pé wọn kì í bá wa pààrọ̀ rẹ̀: ìdánwò tiwọn lẹ máa ṣe.

Èwo wá ni?

Méjèèjì ló níbi tó ti wúlò. Bí ẹ bá ní ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ méjì tí ẹ máa gbé dání, tàbí tí orúnkún yín kò gba ìtẹ̀ba, alápòótí tuntun tí kò jò máa tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹni tó máa dúró síbì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì náà máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń dá lọ, tó fẹ́ máa yà sí gbogbo ọ̀nà kékeré tó bá rí, tó sì fẹ́ sùn lábẹ́ òjò láìdìde wo òrùlé, mo ti sọ ohun tí èmi ń wà fún un.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wo alápòótí, ẹ lọ lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin inú igi, ẹ mú un dání. Ẹ fi kan gbogbo igun òkè, abẹ́ gbogbo fèrèsé, inú kọ́bọ́ọ̀dù títí dé ẹ̀yìn rẹ̀, ògiri tó wà lókè orí awakọ̀, àti ilẹ̀ ibi ìwẹ̀. Bí kò bá ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó dára. Láti 15 dé 20, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ti kọjá 20, iṣẹ́ wà níbẹ̀, bó bá sì kọjá 30, igi ti ń bàjẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ọ̀rinrin tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun kò fẹ́ kí ẹ fi ẹ̀rọ yín kan ọkọ̀ òun, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.